Òpó Ààfin Kì Í Ṣe Ara Ọkọ̀

Àwọn baba ńlá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi gbèjà ara wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ohun èlò tuntun tún ààfin àtijọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé iná fúnra rẹ̀ ló mú ẹwà wá, kò sì sọ pé ẹni tó fi ẹfun kun ojú èédú ló bu ẹwà sí ààfin. Ẹwà dé nítorí pé, nígbà tí ààfin jó, gbogbo ìlú dìde: àwọn kan gé igi, àwọn kan po amọ̀, àwọn kan di koríko ìbolé, àwọn agbẹ́gilére sì jókòó ti òpó títí wọ́n fi gbẹ́ ẹ tán. Nítorí pé ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ṣì wà nílùú ni òwe náà ṣe jẹ́ òótọ́. Lọ́jọ́ tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá tán, ilé ọba tó bá jó ti jó gbé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Aguidi, ó kan Sakété tí Aguidi wà lábẹ́ rẹ̀, ó kan Pobè, ó sì kan gbogbo ìlú Yorùbá tó wà ní ẹkùn Plateau ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Nínú àwọn ìlú wọ̀nyí, igi àti amọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ìran kan fi lé ìran kejì lọ́wọ́: òpó gbígbẹ́, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, àga ọba, ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ògiri ojúbọ. Igi a máa jẹrà, amọ̀ a máa wó. Nítorí náà, àtúnṣe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ohun ìdíhò alágolo méjì tí wọ́n ń pè ní másítíìkì epoxy, pàápàá irú èyí tó fúyẹ́, tí àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe àti àwọn akọ́lé ń lò, tí àwọn kan sì ń dá lábàá pé kí ó wọ ààfin àti ilé òrìṣà. Kí ó dára níbi tó yẹ ẹ́, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kan igi ọba àti igi òrìṣà láìsí òfin tó le lórí rẹ̀, nítorí bí ó ti ń dí ihò inú igi, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dí ọ̀nà oúnjẹ agbẹ́gilére, tí ó sì ń dí ọ̀nà tí ìmọ̀ rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ohun kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun náà. Epoxy kì í ṣe idán. Pierre Castan ní Switzerland àti Sylvan Greenlee ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 àti 1940, ilé-iṣẹ́ Ciba sì gbé àtè Araldite jáde ní 1946. Ohun méjì ni wọ́n ń pò pọ̀: oje kan àti amúle rẹ̀. Bí méjèèjì bá ti pàdé ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo, wọn yóò gbóná, wọn yóò sì so pọ̀ di ohun kan ṣoṣo tí kò lè padà di méjì mọ́. Omi kò lè tú u. Iná kò lè sọ ọ́ di oje padà, jíjó ni yóò jó. Ní ti irú èyí tó fúyẹ́, wọ́n sábà máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó kéré bí ìyẹ̀fun, tí inú rẹ̀ ṣófo, pò ó. Afẹ́fẹ́ inú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ó wúwo, ìfúyẹ́ yìí sì ń ràn án lọ́wọ́ kí ó má tètè ṣàn wálẹ̀ bí wọ́n bá fi lẹ ohun tó dúró ṣánṣán, òun náà ló sì mú kí ó rọrùn láti fi sáńpépà gbo.

Ẹ wo bí ó ti wuni tó! Ihò tí agbẹ́gilére yóò fi ọ̀sẹ̀ kan wá igi fún, tí yóò sì fi ọ̀sẹ̀ kejì gbẹ́, ọmọkùnrin kan lè dí i láàárọ̀ kí ó sì kùn ún ní ọ̀dà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ẹni tó lè bá onílé wí bí ó bá fi í dí ihò ara fèrèsé ilé tuntun rẹ̀, tàbí bí oníṣẹ́ ọkọ̀ bá fi í tún ibi tí ọkọ̀ ti há ṣe. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi kárí ayé kò lè ṣe láìsí i. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe, tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe òmíràn lọ́la, ohun ilé-iṣẹ́ lè tún un ṣe. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wo òpó ààfin tí ó sì rí ara ọkọ̀.

Kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹrù. Yorùbá kò fi òpó ṣeré. Ìdílé kan wà tó ń jẹ́ Òpómúléró, orúkọ náà sì ń sọ iṣẹ́ òpó: òun ló mú ilé ró. Ohun ìdíhò tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún kí ó lè fúyẹ́ ti fi agbára ìgbẹ́rù rẹ̀ san owó ìfúyẹ́ náà. Bí ìdí òpó bá ti jẹ, tí wọ́n wá fi másítíìkì fífúyẹ́ rọ́ ihò rẹ̀ kún, ojú yóò rí òpó tó pé, ṣùgbọ́n òrùlé yóò mọ̀ pé kò pé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú epoxy tí ń le láìsí iná a máa bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ bí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 50 sí 60 ní òṣùwọ̀n Celsius, igi tí wọ́n kùn ní dúdú tí oòrùn ọ̀sán sì ń pa sì lè gbóná dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fi irú ohun bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ ẹrù ti fi ẹ̀mí àwọn tó ń jókòó lábẹ́ òrùlé náà ta tẹ́tẹ́.

Lẹ́yìn ẹrù ni ọ̀rọ̀ omi. Igi tí a gé, tí a gbẹ́, tí a sì kùn kò tíì kú tán. Ó ń mu ọ̀rinrin, ó sì ń tú u sílẹ̀. Ní gúúsù Benin, òjò a máa rọ̀ ní ìgbà méjì lọ́dún, àkọ́kọ́ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin dé oṣù Keje, èkejì ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò fẹ́ wá láti aginjù, tí ètè yóò máa là, tí ilẹ̀kùn tó há nígbà òjò yóò máa ṣí fúnra rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí igi ń wú, ó sì ń sún kì. Másítíìkì epoxy kì í bá a wú, kì í sì í bá a sún kì. Ọdún kan, ọdún méjì, ẹnu ìlà tóóró kan yóò là láàárín ara líle àti ara igi. Omi yóò gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde, nítorí pé ohun tó yẹ kí ó mí ti di ohun tí wọ́n dé lójú. Igi tó wà lẹ́yìn ìdí náà yóò máa rà ní ìkọ̀kọ̀. Ikán kì í jẹ epoxy, lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tó yí i ká ni oúnjẹ ikán, igi tó sì tutù ló fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, ohun ìdíhò náà yóò wà digbí bí eyín nínú agbárí, òpó tí wọ́n ní àwọn ń gbà là yóò sì ti di eruku.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló burú jù, òun ni pé iṣẹ́ náà kò ṣeé tú. Gbogbo àtúnṣe ni ènìyàn lè ṣì ṣe. Agbẹ́gilére lè fi igi tí kò bára mu lẹ òpó, ọmọ rẹ̀ yóò yọ ọ́, yóò sì fi èyí tó dára dípò. Ẹni tó fi ìṣó kan ère lè jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìṣó ṣeé fà yọ. Epoxy tó ti wọ inú igi kò ṣeé yọ láìjẹ́ pé a gé igi náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìran tó lò ó ti gba ìpinnu lọ́wọ́ gbogbo ìran tí ń bọ̀. Ta ló fún wọn ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀? Ọba pàápàá, bí ó bá gun orí ìtẹ́, olùtọ́jú ni lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kì í tà á, kì í sì í pa á rẹ́.

Àwọn kan yóò dáhùn pé àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń lo epoxy lára igi. Òótọ́ ni, wọ́n ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé wọn kí ó tẹ̀lé wọn dé òpin. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú igi wọ̀nyẹn a máa kọ́kọ́ fi oje mìíràn tó ṣeé tú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Paraloid B-72, pa ojú igi náà, kí epoxy má baà fara kan igi fúnra rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ríbi gbà yọ ọ́. Wọ́n a máa ya àwòrán igi náà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n a sì máa kọ ohun tí wọ́n lò sílẹ̀. Inú yàrá tí wọ́n ń ṣọ́ ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ ni igi náà yóò sì máa gbé, òjò kò ní pa á, ọyẹ́ kò ní fẹ́ lù ú. Ìwé Àdéhùn Venice ti ọdún 1964, tí àwọn atúnlé-ìṣẹ̀ǹbáyé-ṣe ń tẹ̀lé kárí ayé, fàyè gba ọgbọ́n ìgbàlódé níbi tí ọgbọ́n ìbílẹ̀ kò bá tó, bí ìmọ̀ àti ìrírí bá ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó sì sọ pé apá tí wọ́n bá fi rọ́pò èyí tó sọnù gbọ́dọ̀ bá ara yòókù mu, síbẹ̀ kí ojú lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti àtètèkọ́ṣe. Fífi másítíìkì rọ́ ihò, fífi ọ̀dà bò ó, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, lòdì sí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó mú agolo náà láìmú ìlànà rẹ̀ dà bí ẹni tó jí abẹ́rẹ́ dókítà tí kò jí ìmọ̀ rẹ̀.

Níbi ọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni àwọn alátakò ti ní ẹjọ́ tó dára jù. Wọ́n ní orí ni wọ́n ń gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí, oníjó a sì máa jó lábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ìwo ẹran, ejò tàbí ẹyẹ orí ère bá ṣẹ́, ṣé kò sàn kí wọ́n fi ohun tó fúyẹ́ mọ ọn padà ju kí wọ́n fi igi kún ẹrù oníjó lọ? Ẹjọ́ yìí gba ìdáhùn. Àkọ́kọ́, agbẹ́gilére kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé orí ènìyàn ni yóò gbé iṣẹ́ òun. Ìdí nìyẹn tó fi ń yan igi tó rọ̀ tí kò sì wúwo bí ó bá gbẹ, tó sì ń gbẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ara rẹ̀ yóò fi fẹ́lẹ́. Ìkejì, gbígbẹ́ apá kan lọ́tọ̀ kí wọ́n sì fi èèkàn igi tàbí ìṣó so ó mọ́ ère jẹ́ àṣà ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ère àtijọ́ tó wà ní ilé àkójọ lókè òkun ló ní àmì irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, pánù pẹlẹbẹ níhìn-ín, wáyà lọ́hùn-ún, wọn kò sì fi í pamọ́. Ìkẹta, ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí yóò fi ọwọ́ lásán po oje àti amúle. Amúle epoxy lè mú kí awọ ara kọ̀ ọ́ títí ayé, kí ó máa yún, kí ó sì máa wú nígbàkigbà tó bá tún fara kàn án. Eruku tí ń jáde bí wọ́n bá fi sáńpépà gbo ó kò yẹ kí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Níbi tí kò bá sí ìbọ̀wọ́, tí kò sì sí ìbòmú, ohun tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe ère ti di ìpalára fún alààyè.

Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aláìṣeéfojúrí fún gbogbo aráyé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo lápapọ̀, ó sì wọ inú àkójọ àgbáyé ní 2008. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fi etí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: aláìṣeéfojúrí. Ọlá náà kò wà fún ère tó wà nínú àpótí. Orin, ijó, ẹ̀fẹ̀ òru, ìbọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá, àti ọgbọ́n gbígbẹ́ ère ni ayé bu ọlá fún. Ẹni tó bá fi epoxy tọ́jú ère kan tó sì pa ọgbọ́n gbígbẹ́ rẹ̀ ti mú èèpo, ó ti sọ inú nù. Ní Covè, ọ̀gbẹ́ni Kifouli Dossou ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti dé iwájú àwọn tó ń wo iṣẹ́ ọnà ní Cotonou àti lókè òkun. Ẹ̀rí nìyẹn pé ọwọ́ kò tíì tán ní ilẹ̀ yìí, àti pé ẹni tó bá ń sọ pé kò sí agbẹ́gilére mọ́ kò tíì wá a.

Ohun tí másítíìkì ń ṣe sí igi ni símẹ́ńtì ń ṣe sí ògiri amọ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì jọ bí ìbejì. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, a sì máa tú u sínú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá fi símẹ́ńtì líle rẹ́ ẹ lójú, omi náà kò ní lè jáde. Yóò dúró sẹ́yìn símẹ́ńtì, amọ̀ yóò máa rọ̀, lọ́jọ́ kan gbogbo ìrẹ́ náà yóò ṣí sílẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ògiri yóò sì bá a lọ. Àwọn ààfin Abọ́mẹ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí. Ní 1985 ni UNESCO fi wọ́n sínú àkójọ ogún àgbáyé, ọdún kan náà ni ó sì fi wọ́n sínú àkójọ àwọn tó wà nínú ewu, lẹ́yìn tí ìjì líle bà wọ́n jẹ́ ní 1984. Ó di 2007 kí wọ́n tó yọ wọ́n kúrò nínú ewu náà. Láàárín 1993 sí 1997, àwọn onímọ̀ láti Benin àti láti Getty Conservation Institute ṣiṣẹ́ lórí àwọn àwòrán amọ̀ tó wà lára ààfin Ọba Glèlè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ìbá fi àpò símẹ́ńtì mẹ́ta parí. Ní Djenné ní ilẹ̀ Mali, lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú máa ń jáde láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá wọn. Àwọn ọ̀dọ́ a máa gun ògiri, àwọn ọmọbìnrin a máa pọn omi, àwọn ọ̀gá amọ̀lé a sì máa darí wọn. Wọn kò ka iṣẹ́ náà sí ìyà. Àjọ̀dún ni fún wọn. Bí ògiri náà bá lè dúró fúnra rẹ̀ fún 50 ọdún, ta ni yóò kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀?

Wọ́n á tún ní Yorùbá kì í sá fún ohun tuntun, pé bí àwọn baba bá rí epoxy wọn ìbá lò ó. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni wọ́n á nà lọ́wọ́, níbi tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà, bí Adébísí Àkànjí, ti fi símẹ́ńtì mọ àwọn ère ńlá tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Ìdáhùn wà nínú àpẹẹrẹ náà gan-an. Ní Òṣogbo, símẹ́ńtì ni ara ère náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a. Oníṣẹ́ ọnà ló yàn án, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ọ́n, kò fi í tan ẹnikẹ́ni pé igi ni. Bí oníṣẹ́ ọnà kan ní Aguidi tàbí ní Pobè bá fẹ́ fi epoxy mọ ère tuntun lórúkọ ara rẹ̀, kí ó máa ṣe é, kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ rẹ̀. Àtinúdá ni ìyẹn. Ẹni tó bá fi í dí imú ère tí baba ńlá ẹlòmíràn gbẹ́, tó sì kùn ún kí ó dà bí igi, ti fi ọ̀rọ̀ tí òkú kò sọ sí òkú lẹ́nu.

Ẹjọ́ owó ló kù, ẹjọ́ yìí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹ̀sín. Igi tó dára ti wọ́n. Agbẹ́gilére gbọ́dọ̀ jẹun. Ọmọ ìlú tó wà ní Cotonou, ní Èkó tàbí ní Paris lè ra agolo méjì kí ó sì fi ránṣẹ́ kíákíá, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé òun ti ran ààfin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣírò owó náà dé òpin. Owó agolo jáde kúrò nílùú lọ sí ilé-iṣẹ́ lókè òkun, kò sì padà mọ́. Owó tí wọ́n san fún agbẹ́gilére ra iṣu lọ́jà Aguidi, ó san owó ilé-ìwé, ó sì mú kí ọmọkùnrin kan tó ń wo ọ̀gá rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ yìí lè bọ́ ènìyàn. Ọmọ kì í kọ́ iṣẹ́ tí kò rí oúnjẹ níbẹ̀. Gbogbo ihò tí másítíìkì dí jẹ́ iṣẹ́ kan tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò rí ṣe, iṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́: lílẹ ìdí òpó, gbígbẹ́ ìka tó ṣẹ́, pípààrọ̀ ẹsẹ̀ àpótí. Bí wọ́n bá gba ìwọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sí ọ̀nà tí yóò gbà di ọ̀gá tó lè gbẹ́ òpó odidi.

Ìtàn fi hàn pé ọwọ́ tó fẹ́ kú ṣeé jí dìde. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògógà Ìkẹ̀rẹ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, kò sì padà sílé mọ́, òpó rẹ̀ kan wà ní Chicago títí di òní. Ìkẹ̀rẹ́ pàdánù igi. Ìpàdánù ńlá ni, ṣùgbọ́n èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni kí ìran Yorùbá pàdánù ọwọ́. Ní 1947, Bàbá Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì. Ibẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, ti kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́ gbígbẹ́. Fákẹ́yẹ lọ gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì, UNESCO sì bu ọlá fún un ní 2006 kí ó tó kú ní 2009. Baba, ọmọ, ọmọ ìkọ́ṣẹ́: ìran mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà kọjá láìjá, nítorí pé àwọn kan gbé iṣẹ́ fún wọn ṣe. Ní Ise ní ilẹ̀ Japan, wọ́n máa ń kọ́ ojúbọ ńlá wọn ní tuntun ní gbogbo 20 ọdún, èyí tó parí ní 2013 sì ni ẹlẹ́ẹ̀kejìlélọ́gọ́ta. Igi rẹ̀ kò tíì gbó, síbẹ̀ ọgbọ́n rẹ̀ ti pẹ́ ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Àwọn ará Japan tí wọ́n ń ta ohun èlò ìgbàlódé fún gbogbo ayé mọ epoxy dáadáa. Wọ́n mọ ibi tí kò yẹ kí ó dé pẹ̀lú.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé agolo dé. Orílẹ̀-èdè Benin ti ní òfin ààbò ogún àṣà láti 2007, ṣùgbọ́n òfin ìjọba kò lè dúró ní ẹnu ọ̀nà gbogbo ààfin. Àwọn ọmọ ilé ló lè dúró níbẹ̀. Ohun márùn-ún ni wọ́n lè fi ẹnu kò lé lórí níwájú Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè.

Àkọ́kọ́, kí wọ́n ya àwòrán gbogbo òpó, ilẹ̀kùn, àga àti ère tó wà ní ìkáwọ́ ìlú, kí wọ́n wọn gígùn àti ìbú wọn, kí wọ́n sì kọ ibi tó ti jẹ sílẹ̀. Ohun tí wọn kò kà kò lè ṣòro láti jí, kò sì lè ṣòro láti bà jẹ́.

Ìkejì, kí ó di èèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi epoxy, bọ́ọ̀dì fílà tàbí símẹ́ńtì kan igi gbígbẹ́ àti ògiri amọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé láìjẹ́ pé agbẹ́gilére àti onímọ̀ ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Ìkẹta, kí wọ́n tọ́jú igi náà kí ó tó jẹ: kí òrùlé má jò, kí ìdí òpó má wà nínú ẹrẹ̀, kí wọ́n gbé e ka orí òkúta, kí ẹnìkan sì máa wá ilé ikán ní gbogbo oṣù. Ìdajì ohun tí àwọn ènìyàn ń wá másítíìkì fún jẹ́ ohun tí òrùlé rere ìbá ti dènà.

Ìkẹrin, kí owó tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ìbá fi ra agolo di owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ agbẹ́gilére tó mọ iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ní Sakété, ní Kétu, ní Covè tàbí lódì kejì ààlà ní Nàìjíríà.

Ìkarùn-ún, kí wọ́n gbin igi. Ẹni tó bá ń ráhùn pé igi gbígbẹ́ ti wọ́n, tí kò sì tíì gbin ọ̀kan, kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn.

Bí òpó kan bá ti jẹ kọjá àtúnṣe ńkọ́? Kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ibi gbígbẹ, kí agbẹ́gilére sì gbẹ́ òmíràn tí yóò jókòó sí ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú ń ṣe bí ọba bá wàjà. Wọn kì í rọ́ nǹkan sínú òkú ọba kí ó lè máa jókòó lórí ìtẹ́. Wọ́n a fi ẹ̀yẹ sin ín, wọ́n a sì fi ọmọ jẹ oyè baba rẹ̀. Oyè kò bà jẹ́ nítorí pé ẹni tó jẹ ẹ́ yí padà. Oyè yóò bà jẹ́ lọ́jọ́ tí kò bá sí ọmọ tó lè jẹ ẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òpó ààfin yóò ṣe tán lọ́jọ́ tí kò bá sí ọmọ Aguidi kan tó lè gbé irin lé igi kí ojú ọba sì yọ níbẹ̀.